A Mọ Ìgbà Tí À Ń Gba Ọmú Lẹ́nu Ọmọ, Ìgò Ńkọ́?

Bí ènìyàn bá dé ibi ìnáwó ní ìlú ńlá kankan nílẹ̀ Yorùbá lónìí, ìbáà jẹ́ ìsọmọlórúkọ, ìbáà jẹ́ ìgbéyàwó, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí ọmọ ọdún mẹ́ta kan tí ó ń sáré kiri láàrin àga, tí ó mọ orúkọ gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó sì lè ka ení, èjì, títí dé ẹẹ́wàá, ṣùgbọ́n tí ìgò tí à ń pè ní fídà wà lẹ́nu rẹ̀ bí fèrè. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, yóò fi eyín di rọ́bà ìgò náà mú ní ẹ̀gbẹ́ kan, yóò sì gba ẹ̀gbẹ́ kejì sọ ohun tí ó ní í sọ. Àwọn àlejò a rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ náà a rẹ́rìn-ín, a ní ìgò yìí ni ọ̀rẹ́ ọmọ òun, kò sì sí ẹni tí ó lè yà wọ́n. Ẹ̀rín náà kò burú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà nídìí rẹ̀ tí ó yẹ kí àgbà àti ọ̀dọ́ jókòó yẹ̀ wò.

Kò sí àní-àní pé Yorùbá ní ìlànà fún gbígba ọmú lẹ́nu ọmọ. Láyé àtijọ́, abiyamọ a máa fún ọmọ lọ́mú fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, kì í sì í padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ títí ọmú yóò fi kúrò lẹ́nu ọmọ náà. Àṣà yìí kò tètè kú. Nígbà tí àwọn Caldwell, tọkọtaya onímọ̀ nípa iye ènìyàn, tẹ ìwádìí wọn lórí rẹ̀ láàrin àwọn Yorùbá jáde ní 1977, àwọn tí ó ń pa á mọ́ ṣì pọ̀. Àlàyé tí àwọn àgbà ń ṣe, pé bíbá ọkọ sùn a máa ba omi ọmú jẹ́, lè máà bá ti àwọn dókítà mu, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ó wà nídìí rẹ̀ bá tiwọn mu gan-an ni. Ní 1935, Cicely Williams, dókítà obìnrin tí ó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, èyí tí í ṣe Ghana lónìí, kọ̀wé nípa àìsàn kan tí í mú kí ara ọmọ wú, kí irun rẹ̀ sì pọ́n. Orúkọ tí àwọn Gã ń pe àìsàn náà ni ó lò, kwashiorkor, èyí tí í ṣe àìsàn ọmọ tí àbúrò rẹ̀ lé kúrò lẹ́nu ọmú. Ohun tí àwọn ìyá wa ń sá fún nìyẹn, kí dókítà kankan tó fi kọ̀wé.

Bí àkókò bá tó, wọn kì í ṣe é bákan ṣá. Ọmọ náà ti ní láti máa rìn. Ó ti ní láti máa jẹ ẹ̀kọ, ọ̀lẹ̀lẹ̀ àti ẹja tí a yọ eegun rẹ̀, kí ó sì lè sọ ibi tí ó ń dùn ún. Nígbà náà ni ìyá yóò gún ewúro, tí yóò fi oje rẹ̀ pa orí ọmú. Ọmọ yóò fi ẹnu kàn án, yóò fajú ro, yóò tún padà wá lẹ́yìn wákàtí kan bóyá ohun tí ó rí kì í ṣe òótọ́. Àwọn mìíràn a gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Òru àkọ́kọ́ a máa le. Ọmọ tí ó bá ní ìyá òun kò ní sùn, òun náà kò ní fojú kan oorun. Ṣùgbọ́n ní agboolé, kì í ṣe ìyá nìkan ni ó ń bá ọmọ ṣàìsùn. Ìyá àgbà a pọ̀n ọ́n, ìyá ọkọ a kọrin fún un, ẹni tí ó bá sì jí lóru a gbà á. Gbogbo ilé ni ó mọ̀ pé wọ́n ti gba ọmú lẹ́nu lágbájá, kò sì sí ẹni tí yóò yọ́ ọmú fún un lẹ́yìn. Ewúro nìkan kọ́ ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Ìfohùnṣọ̀kan ilé ni ó ṣe èyí tí ó pọ̀ jù níbẹ̀.

Ìgò dé, kò sì bá ìlànà kankan wá. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ìyá ni ó fi dé. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà fún aboyún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbímọ àti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀; ó sì ní kí ìyá tí ó ń tọ́mọ gba ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Ààbọ̀ wákàtí kò lè gbé olùkọ́ tàbí akọ̀wé láti ibi iṣẹ́ dé ilé kí ó sì tún padà, pàápàá ní Èkó. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí ó bá rántí bí wọ́n ti ń rọ ọmọ lẹ́kọ, tí wọn yóò dá a dùbúlẹ̀ lórí itan, tí wọn yóò fi ọwọ́ ṣe odò sí i lẹ́nu, tí ọmọ yóò máa japá tí yóò máa há, kò ní bínú sí ìgò. Ewu ni ìrọ yẹn jẹ́. Kí a má ṣe tìtorí pé ó jẹ́ ti àtijọ́ kí a pè é ní dáradára. Nípa àwọn tí ń ta wàrà inú agolo, Àpérò Ìlera Àgbáyé ti gbé ìlànà kalẹ̀ ní 1981 lórí bí wọn yóò ti máa polówó ọjà wọn, Nàìjíríà sì ṣe òfin tirẹ̀ ní 1990. Ṣùgbọ́n òfin ìpolówó kò lè gba ìgò lẹ́nu ọmọ tí ó ti ń mu ún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ọmú a máa ní òpin. Omi rẹ̀ a máa dínkù, oyún mìíràn a máa dé, ó sì máa ń rẹ ìyá. Ìgò kì í gbẹ, kì í lóyún, kì í sì í rẹ̀ ẹ́. Bí ènìyàn kò bá dá ọjọ́ fún un, ọjọ́ rẹ̀ kò ní pé. Ẹni tí ó bá sì ń fi ti ọmú gbe ti ìgò lẹ́sẹ̀, tí ó ní ṣebí ọdún mẹ́ta ni àwọn ìyá wa fi ń fún ọmọ lọ́mú, ó ṣi ọ̀nà. Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀ ní kí ọmọ mu ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, kí a sì máa fún un lọ́mú pẹ̀lú oúnjẹ títí dé ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní ti ìgò, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní kí ó ti kúrò pátápátá kí ọmọ tó pé oṣù méjìdínlógún. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ìgbà tí ọmọ bá ti pé ọdún kan ni wọ́n ti ń sọ fún ìyá pé kí ó máa fi ife rọ́pò rẹ̀.

Ohun tí ó fa èyí pọ̀. Ọmọ tí ó bá gbé ìgò sùn, wàrà tàbí tíì oníṣúgà inú rẹ̀ yóò wà ní eyín rẹ̀ mọ́jú, eyín òkè iwájú ni yóò sì kọ́kọ́ jẹrà. Ọmọ tí ó ń fi ẹ̀yìn lélẹ̀ mu ún a tún máa ní àìsàn etí. Ti oúnjẹ ni ó burú jù. Ọmọ tí ó ti kọjá ọdún kan kò nílò ju ìdajì lítà wàrà màlúù lọ lóòjọ́, tàbí díẹ̀ lé e. Èyí tí ó bá ń mu ìgò mẹ́rin, márùn-ún, ikùn rẹ̀ ti kún kí ẹ̀wà tó jinná. Kò ní jẹ ẹyin, kò ní jẹ ẹ̀dọ̀, kò ní jẹ ẹ̀fọ́. Wàrà màlúù kò sì ní tó èròjà irin tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ọmọ náà yóò sanra, yóò funfun lójú, ìyá yóò sì máa sọ fún dókítà pé ó ń jẹun dáadáa. Ní ti àwọn tí ń da ògì sínú ìgò, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lu ihò rọ́bà kí ó lè fẹ̀, ìrọ àtijọ́ náà ni wọ́n tún fi ìgò ṣe.

Àwọn àgbà kan yóò ní kí a fi ọmọ sílẹ̀, nítorí kò sí ìyàwó tí ó gbé fídà lọ ilé ọkọ. Òótọ́ ni. Wọ́n a sì ní eyín àkọ́hù ni, yóò ṣáà ká. Ṣùgbọ́n kí ó tó ká, ọmọ náà ni yóò jẹ ìrora rẹ̀ lóru, tí kò ní lè jẹ ẹran, tí wọn yóò sì gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín ní ọjọ́ orí tí kò tíì lè jókòó jẹ́ẹ́. Ọ̀rọ̀ pé yóò fi í sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kò sí nínú àṣà wa rárá. Àwọn tí ó gún ewúro kò dúró de ọmọ.

Ewúro kọ́ ni ó sì yẹ kí á tún gbé wá. Àwọn ìyá kan ń fi ata pa rọ́bà. Ìkà gbáà ni. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kí ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ife mu omi láti oṣù mẹ́fà, bí èyí tí ó ń dà nù tilẹ̀ ju èyí tí ó ń mu lọ. Kí wọ́n kọ́kọ́ gba ìgò ọ̀sán, lẹ́yìn náà ti òwúrọ̀. Ti alẹ́ ni yóò gbẹ̀yìn, òun ni ó sì le jù, nítorí kì í ṣe ebi ni ọmọ ń fi í pa, oorun ni ó ń fi í wá. Omi lásán ni kí ó wà nínú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n sì wá ohun mìíràn tí yóò mú ọmọ sùn: kí wọ́n pọ̀n ọ́n, kí wọ́n kọrin fún un, kí bàbá pàápàá pa àlọ́ ìjàpá kan.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí yóò já sófo bí ilé kò bá fohùn ṣọ̀kan, ibẹ̀ sì ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá ọmọ yóò ti ibi iṣẹ́ dé, yóò bá ìgò lọ́wọ́ ọmọ. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, a ti jọ sọ ọ́ pé kí ẹ má fún un mọ́." Ìyá àgbà yóò ní, "Ìyá ọmọ, ẹkún rẹ̀ ni n kò lè gbọ́." Àánú ni, kì í ṣe ọ̀tẹ̀. Ìyá àgbà yìí kan náà ni ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ pọn ọkọ ìyàwó yìí ní òru mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà tí wọ́n gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Bí wọ́n bá rán an létí ìyẹn ṣáájú, tí wọ́n sì fi òun gan-an ṣe olórí iṣẹ́ náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ yóò sùn sí. Bákan náà ni fún àwọn ìyá àgbà tí ń rìnrìn àjò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti bá ọmọ wọn tọ́jú ọmọ, tí nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ń fi ife lé lọ́wọ́ tí wọ́n rò pé ìwọ̀sí ni. Bí ọjọ́ tí wọ́n dá bá sì pé, kí wọ́n kó gbogbo ìgò náà jáde kúrò nílé pátápátá. Kí wọ́n má ṣe tọ́jú wọn sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìyá àgbà mọ ibẹ̀.