Ilẹ̀ Gbogbo Ìlú, Orúkọ Ẹnìkan

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kò dùn mọ́ mi nínú. Pápá tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń gbá bọ́ọ̀lù nílùú wa ni ẹnìkan fẹ́ tà.

Ìlú ló dáwó tí wọ́n fi ra ilẹ̀ náà, láyé ìgbà tí à ń ná ṣílè. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe ìwé, orúkọ bàbá kan ni wọ́n fi sí i, nítorí òun nìkan ló mọ̀wé nínú ìgbìmọ̀. Bàbá náà kò jẹ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ títí ó fi kú. Oṣù tó kọjá ni ọmọ rẹ̀ ti Èkó dé, ó na ìwé sí mi, ó ní, "Tíṣà, wo orúkọ tó wà níbẹ̀."

Mo wò ó. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, owó ta ni wọ́n fi rà á?" Kò dá mi lóhùn.

Irú ẹjọ́ yìí ti dé Lọ́ńdọ̀nù rí. Ní 1913, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ ní Àpápá fún iṣẹ́ ìlú. Olóyè Àmọ́dù Tìjánì, Olúwa ti Èkó, ní kí wọ́n san owó rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ níhìn-ín ní àṣẹ àti àbójútó lásán ló ní lórí ilẹ̀ náà, nítorí náà owó díẹ̀ ló tọ́ sí i. Ní 1920, òun àti Herbert Macaulay wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ síwájú Ìgbìmọ̀ Ọba. Ní 1921, adájọ́ Haldane ka ìdájọ́, Olúwa sì jàre. 22,500 pọ́n-ùn ni wọ́n san nígbẹ̀yìn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí owó yẹn gba ojú yín. Ohun tí ìdájọ́ náà wí ni pé ilẹ̀ nílẹ̀ wa, ti ìlú tàbí ti ẹbí ni. Olóyè tí ó wà nídìí rẹ̀ dà bí alámòójútó, ó ń tọ́jú rẹ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Òun àti wọn ni wọ́n sì ni owó náà. Ìdájọ́ kan ṣoṣo yìí na ìjọba tó fẹ́ gbà á ní ọ̀pọ̀, ó sì na olóyè tó bá fẹ́ dá a jẹ. (Apá kejì yìí ni a kì í fẹ́ rántí.)

Lóde òní, òfin gbà kí ẹgbẹ́ ìlú forúkọ àwọn alámòójútó rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kí ilẹ̀ wà lórúkọ ẹgbẹ́. Bí ọ̀kan bá kú, a ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Kò di ogún ọmọ rẹ̀. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, orúkọ inú ìwé nìkan kò parí ẹjọ́: kóòtù a máa béèrè ẹni tó sanwó.

Bàbá kan nínú ìgbìmọ̀ ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Mo gbọ́ wọn. Sátidé tó ń bọ̀ la ó pàdé nílé báálẹ̀, kí a tó mọ èyí tí a ó ṣe. Ìwé tí wọ́n kọ ìdáwó sí wà lọ́wọ́ mi. Inú àjà ni mo ti rí i. Ikán ti jẹ ojú-ewé mẹ́rin, ṣùgbọ́n orúkọ ìyá àgbà mi ṣì hàn níbẹ̀: ṣílè méjì.