Ẹ yé pe púlọ́ńbà lólè bí ẹ ò bá tíì sanwó àyẹ̀wò rí

1/ Láti àná ni mo ti ń rí i lórí TL: "Púlọ́ńbà gbowó mi lọ, omi ò sì jáde." Gbogbo yín sì ń fèsì pé olè ni gbogbo wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Inú lè bí yín díẹ̀, àmọ́ ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

2/ Ohun tí mo fẹ́ sọ ò pọ̀. A kì í fẹ́ sanwó fún ẹni tó wá wo ohun tó bàjẹ́. Owó ọjà nìkan la máa ń fẹ́ san. Àwa gan-an la wá ń kọ́ wọn pé kí wọ́n máa ta ohun tí a ò nílò fún wa. Mo mọ̀, torí mo ti ṣe é rí, ó sì dùn mí títí dòní.

3/ Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ilé wa n'Ìbàdàn. Bóòhóòlù wà, táǹkì wà lórí irin. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, omi inú ilé bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín. Ìsàlẹ̀ ò dáa, ti òkè burú jù. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, o máa wẹ̀ lọ́la. Ẹ̀rọ tó wà nídìí táǹkì níta nìkan ló ń da omi bí òjò. Níbẹ̀ ni Màámi ti wá ń pọnmi gun òkè láràárọ̀.

4/ A pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Kò gun táǹkì, kò dé ìdí bóòhóòlù. Ó ṣí ẹ̀rọ ìdáná, ó mi orí, ó ní: "Súmò yín ti ń kú lọ. 1.5 horsepower lẹ máa rà." A rà á. Wọ́n fa páìpù jáde nínú ilẹ̀, wọ́n sọ tuntun sí i. Táǹkì wá ń kún wàràwàrà. Inú ilé ńkọ́? Omi ṣì ń kán tó, tó, tó.

5/ Aládùúgbò wa júwe bàbá kan fún wa. Bàbá dé, wọ́n ní: "₦5,000 ni mo máa gbà kí n wò ó. Bí ẹ bá fẹ́ kí n ṣe é, a óò sọ owó iṣẹ́ lọ́tọ̀." Ta ló lé wọn? Èmi ni. Mo ní, "Bàbá, ṣé owó ojú tí ẹ fi ń wò ó lẹ fẹ́ gbà ni?" A rẹ́rìn-ín. Bàbá ní ó dàbọ̀, wọ́n lọ.

6/ Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá, Màámi yọ̀ lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi lọ́wọ́. Ọwọ́ ọ̀tún wọn kán. Aṣọ ni Màámi ń rán jẹun o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi gbé ọwọ́ kọ́ ọrùn, tí àwọn oníbàárà ń wá kó aṣọ wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Gbogbo ìyẹn, torí ₦5,000 tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́.

7/ Mo lọ bẹ bàbá. Wọn ò bú mi. Wọ́n ní kí n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wá, kí n máa ka ìṣẹ́jú àáyá. Nídìí táǹkì, mi ò kà jìnnà tó fi kún. Nínú ilé, mo kà á títí ó sú mi. Bàbá ní: "Ṣé o rí i? Omi wà lókè, ó sì lágbára. Ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti súmò. Ohun tó dí i wà láàárín ibí yìí àti ilé."

8/ Wọ́n lọ síbi fáàfù tó wà lórí páìpù tó wọlé. Orí rẹ̀ ń yí o, ó ń yí dáadáa. Àmọ́ nígbà tí wọ́n tú u, irin pẹlẹbẹ tó máa ń gòkè-sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀ ti já kúrò lára ọ̀pá, ó ti wálẹ̀ dí ojú ọ̀nà. Ohun tó ń ṣe wá láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Kò tó wákàtí kan tí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀. Owó fáàfù náà kò tó ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá owó súmò.

9/ Ẹ wá gbọ́ ohun tí bàbá kọ́ mi, kí ẹ̀yin má ba à ra súmò tí ẹ ò nílò. Bó bá jẹ́ pé táǹkì òkè ló ń fún yín lómi, iṣẹ́ súmò parí nígbà tí omi bá ti bọ́ sínú táǹkì. Láti ibẹ̀ dé ẹnu ẹ̀rọ, gíga táǹkì ló ń ti omi. Mítà 10 ló ń fún yín ní bar 1. Bí omi inú táǹkì bá fi mítà 3 péré ga ju ẹ̀rọ lọ, bar 0.3 lẹ ní. Ìdí nìyẹn tí omi ìsàlẹ̀ fi máa ń le ju ti òkè lọ.

10/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé "ẹ ra táǹkì ńlá", ẹ rọra. Táǹkì lítà 500 àti lítà 5,000, bí omi inú wọn bá ga dọ́gba, agbára kan náà ni. Eléyìí tó tóbi á pẹ́ kó tó tán ni, kò ní tì í ju bẹ́ẹ̀ lọ.

11/ Torí náà, ìbéèrè kan ló kọ́kọ́ wà: ṣé omi ò gun táǹkì dáadáa ni, àbí ó gun táǹkì, kò jáde lẹ́nu ẹ̀rọ? Àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ tà yín ní súmò láì béèrè èyí, ẹ dá a dúró.

12/ Bí táǹkì ò bá kún: iná lè má lágbára. Capacitor inú àpótí súmò lè ti kú. Páìpù lè ti lu nínú ilẹ̀. Iyanrìn lè ti jẹ ìkùn súmò. Ó sì lè jẹ́ pé omi inú ilẹ̀ ló ti lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Tó bá jẹ́ ti ìgbẹ̀yìn yìí, súmò tó tóbi jù á kàn fa omi tán kíákíá, á ṣiṣẹ́ lórí òfo, á jóná. Ẹ ti fowó yín ra wàhálà nìyẹn.

13/ Bí táǹkì bá kún, tó jẹ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni kò dáa, ẹ tú ẹnu rẹ̀, ẹ fọ asẹ́ kékeré inú rẹ̀. Bó bá jẹ́ gbogbo wọn: ẹ wo fáàfù, ẹ wo ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ táǹkì, ẹ ronú nípa afẹ́fẹ́ tó há sínú páìpù. Lẹ́yìn náà ni páìpù tó kéré jù àti irin táǹkì tó kúrú. Bí ó bá tiẹ̀ wá jẹ́ pé ẹ nílò ẹ̀rọ tó ń ti omi, lẹ́yìn táǹkì ni wọ́n ń so ìyẹn mọ́, kì í ṣe inú bóòhóòlù.

14/ Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ. "Ẹni àkọ́kọ́ yẹn purọ́ fún yín." Bẹ́ẹ̀ ni, mi ò ní bá a fọṣọ. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ó wọ ọkọ̀ wá. Ká ní ó sọ pé "fáàfù lásán ni", kí la máa fún un? A óò ná owó iṣẹ́ rẹ̀ títí kò fi ní rówó ọkọ̀ padà. Lórí súmò ló ti rí èrè. Àwa la so oúnjẹ rẹ̀ mọ́ ohun tó bá tà.

15/ Bí ẹ bá dé ọsibítù, ẹ ń sanwó káàdì, ẹ ń sanwó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí dókítà tó kọ oògùn. Ẹ ò sọ pé "owó ojú" ni. Kí ló dé tó jẹ́ pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tí ni ìmọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́?

16/ "Kò sówó." Mo gbọ́. Ẹni tí kò lówó gan-an ni kò yẹ kó máa ṣe àbá-tì-í-ná. ₦5,000 dùn mí, súmò tuntun ò dùn mí. Ẹ ẹ̀ rí ìṣirò òmùgọ̀?

17/ "Wọ́n á gba owó àyẹ̀wò, wọ́n á tún purọ́." Ìyẹn náà ń ṣẹlẹ̀. Torí náà, ohun tí mò ń ṣe báyìí nìyí: owó wíwò lọ́tọ̀, owó iṣẹ́ lọ́tọ̀. Kó fi ojú mi rí ohun tó bàjẹ́. Kí n bá a lọ sọ́jà. Kó kó ohun àtijọ́ fún mi. Ká wọn omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kó tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó bá parí, kí n tó san ìyókù.

18/ Ìjọba ńkọ́? Ẹ má rò pé mo gbàgbé. Láti 1942 ni ìdídò Ẹlẹ́yẹlé ti wà n'Ìbàdàn yìí, síbẹ̀ oníkálukú ló di iléeṣẹ́ omi nínú àgbàlá ara rẹ̀. Ìjà yẹn ṣì wà, a ó jà á. Àmọ́ ìjọba kọ́ ló lé bàbá lẹ́nu ọ̀nà wa. Èmi ni.

19/ Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Wíwò yẹn, iṣẹ́ ni. Ẹ sanwó rẹ̀. Ọwọ́ Màámi ti san, wọ́n ti padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Àmọ́ bí òtútù bá mú, wọ́n á di ọwọ́ yẹn mú, èmi á sì wo ilẹ̀.

20/ Bí ẹ bá ní púlọ́ńbà tó máa ń wò kó tó tà, ẹ júwe rẹ̀ fáwọn èèyàn yín. Kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé kí wọ́n má bá a ná owó wíwò. Mo ti sọ tèmi. Ẹ RT.