Ẹ Mú Préṣọ̀ Wálẹ̀ Kí Ẹ Tó Tú Páńpù Epo

Bí páńpù epo bá kú, ọkọ̀ ò lọ mọ́ nìyẹn. Ìdí nìyí tí onímọ́tò fi máa ń dúró ti mẹkáníìkì lórí, tí á máa tẹnu mọ́ ọn pé, "Ọ̀gá, ẹ bá mi ṣe é kíá." Èrò tiwa ni pé "kíá" yẹn léwu ju páńpù tó bàjẹ́ lọ. Iṣẹ́ kan wà tó gbọ́dọ̀ ṣáájú títú họ́ọ̀sì epo, tí kì í sábà gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 lọ: kí á mú préṣọ̀ epo wálẹ̀. Ìkánjú ló ń jẹ́ kí wọ́n fò ó.

Ẹ jẹ́ kí á fi taya ṣe òdiwọ̀n, ṣebí gbogbo wa la ti dúró lọ́dọ̀ fọkanáísà rí. Taya ọkọ̀ kékeré sábà máa ń gba bíi 32 lójú géèjì. Nínú ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ tó ń lo injector, préṣọ̀ inú họ́ọ̀sì epo máa ń wà láàárín 40 sí 60 lórí ìwọ̀n kan náà, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn tí a ti pa ẹ́ńjìnnì. Bí ẹnìkan bá já họ́ọ̀sì náà lójijì, epo á tú fìì sójú, sára aṣọ, sórí irin gbígbóná. Oru bẹntiróòlù sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ló máa ń rá mọ́, á kóra jọ sínú kòtò tí mẹkáníìkì ń dúró sí. Ìtapàrà iná bátìrì kékeré ti tó láti ràn án.

Àwọn kan á ní, "Ọ̀gá mi ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún, kò sí ohun tó ṣe é." A ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ọ̀gá fi kọ́ṣẹ́ kọ́ ló wà lójú títì báyìí. Volkswagen Ìjàpá àti ọ̀pọ̀ Peugeot 504 ayé ọjọ́un, kabúrétọ̀ ni wọ́n ń lò; préṣọ̀ epo wọn kì í sábà kọjá 7. Ọkọ̀ ti yí padà, ọwọ́ tí wọ́n fi ń tú u ni kò tíì yí.

Báwo la ṣe ń ṣe é? Kí ọkọ̀ wà ní gbangba, kí ẹ́ńjìnnì ti tutù, kí ohun ìpaná oníyẹ̀fun wà nítòsí, kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá. Ẹ ṣí ìdérí táǹkì kí oru inú rẹ̀ jáde. Ẹ yọ fíúsì tàbí relay páńpù epo, kí ẹ wá sítáàtì ọkọ̀. Á ṣiṣẹ́ díẹ̀, á sì kú fúnra rẹ̀ nígbà tí epo inú họ́ọ̀sì bá jó lọ sílẹ̀. Ẹ tún sítáàtì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ pa á, kí ẹ sì tú orí nẹ́gétíìfù bátìrì. Ẹ fi àkísà di ojú ìsopọ̀ họ́ọ̀sì, kí ẹ rọra tú u, torí díẹ̀ máa ń ṣẹ́ kù. Bí ọkọ̀ ò bá sítáàtì rárá, ẹ má rò pé préṣọ̀ ti tán. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ rọra jù. Ọkọ̀ tó ń fọ́n epo tààrà sínú sílíńdà tún yàtọ̀: préṣọ̀ ibẹ̀ lè kọjá 2,000. Ìwé ọkọ̀ náà ni kí á tẹ̀ lé.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, Yorùbá sì ni ọ̀gá fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí à ń kọ́ èdè yìí ní yunifásítì. A lè tú ewì palẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, ṣùgbọ́n ojú ìwé kan péré tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lè kà lára ògiri, ta ló ti kọ ọ́? Ẹ jẹ́ kí á kọ ọ́, kí á sì gbé e lọ bá àwọn ọ̀gá kí wọ́n bá wa tún un ṣe.

Ẹ̀yin àgbà wa tẹ́ ẹ ti jáde, tẹ́ ẹ ti ní ọkọ̀, ẹ bá wa jókòó fún ìṣẹ́jú 10 yẹn. Ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.