Itan Ńlá Kọ́ Ni Ẹ̀rí Agbára

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Síbẹ̀, bí ọjọ́ eré ìdárayá bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó máa ń fi ojú wọn itan ọmọ kí ó tó yàn án fún eré kẹ̀kẹ́. Ẹni tí itan rẹ̀ ki ni wọn yóò pè; ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ yóò lọ jókòó. Àṣà yìí kò tọ́, kò sì bá ìmọ̀ mu.

Òtítọ́ ni pé iṣan ńlá ní ìwúlò tirẹ̀. Robert Förstemann, ọmọ Jámánì tí itan rẹ̀ dà bí odó, gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìdíje Òlíńpíìkì ti London ní 2012. Ṣùgbọ́n 750 mítà péré ni eré náà, kò sì gbà tó ìṣẹ́jú kan. Níbi tí ọ̀nà bá ti jìn, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé afẹ́fẹ́ tí ènìyàn mí sínú lọ bá iṣan. Bí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró kò bá lè bọ́ iṣan náà, kò ní pẹ́ tí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Bí ó bá sì di gígun òkè, ẹrù ni ẹran ara tí kò ṣiṣẹ́ jẹ́ fún ẹni tí ó ni ín.

Ẹ wo Biniam Girmay, ọmọ Eritrea, tí kò sanra rárá. Ní 2024, ó borí ní ìpele mẹ́ta nínú Tour de France. Kò sí aláwọ̀ dúdú ọmọ Áfíríkà kan tí ó ti borí ní ìpele kankan níbẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀. Kí ó tó já gbogbo wọn sílẹ̀ ní Turin, ó ti gun kẹ̀kẹ́ ju 200 kìlómítà lọ lọ́jọ́ náà. Àgbẹ̀ Ekiadolor tí ń di ẹ̀gẹ́ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ láti oko dé ọjà mọ àṣírí yìí: ọjọ́ dé ọjọ́ ni ara fi ń kọ́ ìfaradà.

Ní Paris, ní 2024 kan náà, kẹ̀kẹ́ àwọn ará Jámánì ni Ese Ukpeseraye, ọmọ Nàìjíríà, yá gùn nínú eré orí pápá. Ṣé itan ni ó wá wọ́n ní ilẹ̀ yìí ni, àbí kẹ̀kẹ́?

Kí olùkọ́ ọ̀la gbé gbogbo ọmọ gun kẹ̀kẹ́, kí ó fi aago àti ọ̀nà jíjìn dán wọn wò. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ni alágbára.