Diouana Ni Kó Ṣáájú, Kí Kane Máa Tẹ̀lé E

Àtòjọ náà ti yí gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì ká báyìí: fíìmù mẹ́wàá tó dára jù lọ nínú àwọn fíìmù àtijọ́ aláwọ̀ dúdú àti funfun, látọwọ́ àwọn ọ̀rẹ́ wa tí wọ́n fẹ́ràn sinimá. Citizen Kane ló wà lókè téńté. Casablanca tẹ̀lé e. Psycho wà níbẹ̀, 12 Angry Men wà níbẹ̀, Seven Samurai náà wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n mọ̀. Sanders of the River jókòó sí ipò kẹsàn-án, ẹ gbọ́ ná, torí pé ọmọ Èkó kan ṣeré nínú rẹ̀. Fíìmù tí ọmọ Áfíríkà darí kò sí níbẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo.

Àwa kì í ṣe ọ̀tá irú eré báyìí. Tí iná bá lọ, tí dátà sì tán, kí ló tún kù ju ká jókòó sí ẹnu ọ̀nà ká máa jiyàn nípa ẹni tó ju ẹnì kan lọ? Bí àwọn bàbá wa ṣe jiyàn lórí Haruna Ìṣọ̀lá àti Àyìnlá Ọmọwúrà ni àwa náà ṣe ń jiyàn lórí fíìmù. Ohun tó ń bí wa nínú ni pé àtòjọ yìí kì í ṣe ti àwọn tó kọ ọ́. Wọ́n yá a ni, bí ẹni yá aṣọ lọ òde ìyàwó, aṣọ náà ò sì bá wọn lára mu.

Ẹ wo ibi tí wọ́n ti yá a. Ìwé ìròyìn Sight and Sound ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń bi àwọn tó ń ṣe lámèyítọ́ fíìmù léèrè lọ́dún mẹ́wàá mẹ́wàá láti 1952 pé fíìmù wo ló dára jù láyé. Ní 1952, Bicycle Thieves ti Vittorio De Sica ló gbégbá orókè. Láti 1962 títí dé 2002, ìgbà márùn-ún léraléra, Citizen Kane ni. Ní 2012, Vertigo gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2022, Jeanne Dielman tí obìnrin ará Belgium kan, Chantal Akerman, darí ló bọ́ síwájú, Kane sì di ẹni kẹta. Àwọn tó fi í jọba fúnra wọn ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí ìtẹ́, àwa la ṣì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àga òfìfo. Nínú ìdìbò 2022 yẹn kan náà, La Noire de… ti Ousmane Sembène, ọmọ Senegal, bọ́ sí ipò karùndínlọ́gọ́rùn-ún, òun àti àwọn mìíràn tí ìbò wọn dọ́gba. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí àyè fún un nínú ọgọ́rùn-ún. Àwa ọmọ Áfíríkà ò rí àyè fún un nínú mẹ́wàá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún Kane ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, torí a ti wò ó. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni Orson Welles nígbà tó ń ṣe é; ẹ̀gbọ́n wa tó ń sin ìlú lọ́wọ́ lè jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Òun àti Gregg Toland tó wà nídìí kámẹ́rà lo lẹ́ńsì lọ́nà tí ẹni tó wà nítòsí àti ẹni tó wà lọ́ọ̀ọ́kán fi ń hàn kedere lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n gbé kámẹ́rà sílẹ̀ dé ibi pé àjà ilé ń hàn lókè orí àwọn òṣèré. Ìran kan wà níbẹ̀ tí a ò lè gbàgbé: ọmọdé ń ṣeré nínú yìnyín lóde, à ń wò ó láti ojú fèrèsé, ìyá rẹ̀ sì wà nínú ilé tó ń fọwọ́ sí ìwé tí wọn yóò fi gbé e lé olówó kan lọ́wọ́. Ọmọ náà ò mọ̀ pé wọ́n ti pín òun. Fún ìran yẹn nìkan, a júbà.

Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tó fi í sókè pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí Kane lẹ́yìn tó fìdí rẹmi nínú ìdìbò. Àwa bi wọ́n. Èsì tí a gbọ́ ni pé, "Ṣé ẹ ò mọ̀ pé gbogbo ayé ló ti gbà pé òun ni fíìmù tó dára jù ni?" Gbogbo ayé. Ìyẹn kì í ṣe ìdí. Ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan ṣe olórí, kó wá sọ ohun tó rí níbẹ̀ fún wa.

Ohun tí àwa rí nínú La Noire de… nìyí. Ọdún 1966 ló jáde, nǹkan bíi wákàtí kan ni gbogbo rẹ̀. Diouana jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì ní Dakar láàárín àwọn obìnrin tó ń retí ẹni tí yóò gbà wọ́n síṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Ìyáálé òyìnbó kan dé, àwọn yòókù rọ́ lù ú, Diouana ò mira. Òun lobìnrin náà yàn, nítorí ẹni tí kò janpata ni wọ́n ń wá. Inú ọmọ náà dùn débi pé ó fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní ìbòjú onígi kan lọ́rẹ. Nígbà tó yá, wọ́n ránṣẹ́ sí i pé kó wá bá àwọn ní Antibes, nílẹ̀ Faransé. Ó rò pé ọmọ lòun fẹ́ wá tọ́jú, pé òun yóò máa jáde, pé òun yóò rí ìlú. Ilé ìdáná ló rí, àti bálùwẹ̀, àti yàrá àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ó wọ aṣọ tó dára àti bàtà gogoro láti fi nulẹ̀, ìyáálé ní kó bọ́ bàtà. Àlejò kan dìde nídìí oúnjẹ, ó fi ẹnu kò ó lẹ́nu tipátipá, ó ní òun ò ṣe bẹ́ẹ̀ sí obìnrin dúdú rí. Lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èsì lórúkọ rẹ̀, láìbi í ní ohun tó fẹ́ sọ.

Ta nínú wa ni kò mọ ọmọ ọ̀dọ̀? Tí a bá lọ yíká ilé wa, a ó rí Diouana níbẹ̀: ọmọ tí wọ́n mú wá láti abúlé pé yóò lọ sí iléèwé, tó ń jí ṣáájú gbogbo ayé, tí ẹnikẹ́ni ò bi léèrè pé ṣé ó ti jẹun. Kí ẹ má wulẹ̀ rò pé òyìnbó nìkan ni Sembène ń bá wí. Ẹ tún wo ìta. Ní 2020, ọkùnrin kan ní Lẹ́bánónì gbé àwòrán ìwé ìrìnnà ọmọbìnrin Nàìjíríà kan sórí Facebook, ó ní òun fẹ́ tà á ní 1,000 dọ́là. Iṣẹ́ ilé ni ọmọbìnrin náà bá lọ. Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta lẹ́yìn fíìmù náà! Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ kì í sọ̀rọ̀ jápa, síbẹ̀ fíìmù tó sọ ohun tó lè pàdé ẹni lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ kò wọ inú àtòjọ wa, Casablanca, níbi tí àwọn ènìyàn Áfíríkà ti jẹ́ ẹni tó ń kọjá lọ lẹ́yìn Humphrey Bogart nínú ìlú ara wọn, ló wà ní ipò kejì. (Ẹ sì dákun, ẹ yéé fi ẹ̀rọ kun àwọ̀ sí i. Àwọn Ted Turner ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1988, kò sì dára nígbà yẹn náà.)

Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé dúdú àti funfun ni ìdíje yìí dá lé, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ àwọ̀ gan-an. Hitchcock ti ń fi àwọ̀ ṣe fíìmù láti ìgbà Rope ní 1948, síbẹ̀ ó yan dúdú àti funfun fún Psycho ní 1960. Owó dínkù, ẹ̀jẹ̀ ò sì ní pọ́n jù lójú àwọn òǹwòran. Ṣokoléètì olómi ni ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn nínú bálùwẹ̀ yẹn. Ọgbọ́n nìyẹn, a gbà. Nínú iṣẹ́ Sembène ẹ̀wẹ̀, àwọ̀ méjèèjì ni ìtàn fúnra rẹ̀. Ògiri ilé Antibes funfun báláú, ìbòjú tí Diouana fi ta wọ́n lọ́rẹ nìkan ló dúdú lára rẹ̀, wọ́n fi í ṣe ẹ̀ṣọ́. Tí Diouana bá wá dúró síwájú ògiri kan náà, kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé ohunkóhun fún wa. Ẹ mú àwọ̀ sí Kane, ìtàn Kane ò yí padà. Ẹ mú àwọ̀ sí ògiri yẹn, ẹ ti ba ti Sembène jẹ́.

Àwọn kan ti dá wa lóhùn pé iṣẹ́ náà kò dán mọ́rán, pé ohùn ò bá ẹnu mu. Òótọ́ ni pé ohùn ò bá ẹnu mu. Mbissine Thérèse Diop ló ṣe Diouana, ohùn Toto Bissainthe, ọmọ Haiti, là ń gbọ́ nígbà tí Diouana bá ń ronú, èdè Faransé ló sì fi ń ronú. Sembène fúnra rẹ̀ ò fẹ́ kó máa rí bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó ṣe Mandabi ní 1968, Wolof làwọn ènìyàn inú rẹ̀ ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ tún un wò, kí ẹ fetí sílẹ̀: ọmọbìnrin kan wà tí kò sọ ju "bẹ́ẹ̀ ni" fún àwọn ọ̀gá rẹ̀, ohùn tí kì í ṣe tirẹ̀ sì ń sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ fún àwa nìkan. Àbùkù yẹn ò ba fíìmù náà jẹ́ lójú wa rárá.

Àwọn mìíràn ní a kàn ń gbé e ga nítorí pé ọmọ Áfíríkà ni. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, Sanders of the River ni à bá kọ́kọ́ gbà mọ́ra. Orlando Martins tí wọ́n bí ní Èkó ní 1899 wà nínú rẹ̀, Paul Robeson wà nínú rẹ̀, àní Jomo Kenyatta wà láàárín èrò. Etí odò kan ní Nàìjíríà ni wọ́n ní ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Kí ni ìtàn ọ̀hún? Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kan ṣoṣo ló ń ṣàkóso àwọn ènìyàn wa bí ọmọdé. Ó lọ ìsinmi, ogun bẹ́. Ó padà dé, gbogbo wọn dákẹ́. Robeson fúnra rẹ̀ kẹ̀yìn sí i nígbà tó yá. Ohun tí ẹni tó ṣe é kọ̀, kí làwa ń gbé sí ipò kẹsàn-án fún? Ẹni tó bá fẹ́ bọlá fún Orlando Martins, The Hasty Heart ti 1949 ń bẹ.

A mọ ohun tó fa ìdẹwò náà. Nígbà tí Àjàní Ògún, tí Ọlá Balógun darí lédè wa, jáde ní 1976, ayé fíìmù aláwọ̀ ti dé. Ibi tí àwa Yorùbá ti rí ara wa ní dúdú àti funfun ni tẹlifíṣọ̀n, láti ìgbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959. Orí rẹ̀ ni Moses Ọláìyá àti àwọn Aláwàdà rẹ̀ ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Àwọn òbí wa àgbà ṣì ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí wọ́n wò nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni àwa ò rí ibi tí a ti lè wò ó. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò tọ́jú kò ṣe é tò sí ipò kankan. Ìyẹn dùn wá ju ọ̀rọ̀ Kane lọ, a ó sì dá a kọ lọ́jọ́ mìíràn. Kì í wá ṣe ìdí tí a ó fi lọ yá ẹ̀sín, nígbà tí Dakar ò jìnnà.

Nítorí náà, La Noire de… ni àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ tiwa. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ nìkan tó: Diouana ti gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ọ̀gá gbé ẹrù rẹ̀ àti ìbòjú náà padà lọ sí Dakar, ó na owó sí ìyá, ìyá kọ̀ ọ́. Ọmọdékùnrin kan mú ìbòjú, ó gbé e wọ̀, ó sì ń tẹ̀ lé ọkùnrin náà ní kọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀ àdúgbò, bí eégún tó ń lé onígbèsè. Ọkùnrin náà ń wẹ̀yìn, ó ń yára.

12 Angry Men ti 1957 ni ìkejì: ọkùnrin méjìlá, yàrá kan, Sidney Lumet sì ń pààrọ̀ lẹ́ńsì díẹ̀díẹ̀ títí ògiri fi dà bí ẹni pé ó ń sún mọ́ wọn. Ẹ̀kẹta ni Borom Sarret, tí Sembène náà ṣe ní 1963, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú péré. Oníkẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kan ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, àwọn ọlọ́pàá gba kẹ̀kẹ́, ó délé lọ́wọ́ òfo, ìyàwó gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, ó jáde lọ wá ohun tí wọn yóò jẹ. Ibí yìí la ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jà láàárín ara wa, torí ẹnì kan ní Seven Samurai kò gbọdọ̀ wà lẹ́yìn fíìmù ogún ìṣẹ́jú. Kane ni ìkẹrin. Òun kan náà ní kí Kane sọ̀kalẹ̀ sí i kí àwọn samurai lè ráyè. A dìbò sí i: mẹ́ta sí méjì, Kane dúró.