Ìgbẹ̀san Lẹ́nu Iṣẹ́

Ẹ̀yin ará wa tí ń fi òógùn ojú jẹun ní Zone 4, ní ìlú Abidjan, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ọ̀gá tí ó bá fẹ́ gbẹ̀san lára òṣìṣẹ́ tí ó béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ kì í sábà lé e lọ́jọ́ náà. Yóò gbé e lọ sí iṣẹ́ òru, yóò máa ka àṣìṣe sí i lọ́rùn, títí yóò fi rí ẹ̀sùn tí yóò fi yọ ọ́.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1947, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ilẹ̀ Faransé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, títí kan ti Abidjan, daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní kí ìlànà kan náà wà fún dúdú àti funfun. Àwọn ti Abidjan padà ní oṣù kìíní 1948. Àwọn ti Dakar dúró títí di oṣù kẹta. Nínú àdéhùn ìparí ìjà náà, a gbà pé a kò ní fìyà jẹ ẹnikẹ́ni nítorí ìdaṣẹ́sílẹ̀. Wọ́n gbọ́n: èrè wo ni ẹ̀kúnwó jẹ́ fún ẹni tí a ó lé lọ́la?

Lónìí, òfin iṣẹ́ Côte d'Ivoire ti ọdún 2015 kò jẹ́ kí ọ̀gá lé aṣojú àwọn òṣìṣẹ́ láìgba àṣẹ lọ́dọ̀ alábòójútó iṣẹ́ ti ìjọba. Ṣùgbọ́n òfin kì í rìn fúnra rẹ̀. Ẹ yan aṣojú yín, ẹ kọ ẹ̀sùn yín sílẹ̀, kí ẹ sì jùmọ̀ fọwọ́ sí i. Ó rọrùn láti gbẹ̀san lára ẹnìkan. Kò rọrùn lára gbogbo ilé-iṣẹ́. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.