Ìkìlọ̀ Pàjáwìrì fún Òbí: Ẹ Wo Ohun Tó Ń Ṣẹlẹ̀ sí Ọmọ Kòríà

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ dákun, ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ kì í ṣàdédé ya òǹrorò. Ohun kan ló ń tì í. Bí àgbà kò bá tètè rí ohun náà, ọmọ ọlọ́mọ ni yóò fojú winá rẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, ní ìlú Daegu ní Gúúsù Kòríà, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 13 kan gbẹ̀mí ara rẹ̀. Lẹ́tà tó fi sílẹ̀ ló tú àṣírí: àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń lù ú, wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń fipá mú un gbá géèmù fún wọn. Inú ilé tirẹ̀ ni wọ́n ti ń fìyà jẹ ẹ́, nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ bá lọ síbi iṣẹ́.

Kí ló ń sọ ọmọ di òǹrorò báyìí? Ìkínní ni ìlukúlù inú ilé. Ọmọ tí wọ́n ń lù, tàbí tó ń wo bàbá rẹ̀ bó ṣe ń lu ìyá rẹ̀, kì í pẹ́ gbà pé ẹ̀ṣẹ́ la fi ń parí ọ̀rọ̀. Oṣù Kìíní ọdún 2021 ni Kòríà ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ gbólóhùn tí àwọn òbí ń sá sí lábẹ́ láti na ọmọ kúrò nínú ìwé òfin.

Ìkejì ni ìwé tí kò ní ìsinmi. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá parí, ọ̀pọ̀ ọmọ á tún gba hagwon lọ, ìyẹn ilé lẹ́sìn aládàáni. Ó le débi pé Seoul ṣòfin pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn hagwon ní aago mẹ́wàá alẹ́. Nítorí suneung ni àwọn ọmọ ṣe ń lọ síbẹ̀, ìyẹn ìdánwò àṣewọlé yunifásítì tí wọ́n ń ṣe ní oṣù Kọkànlá. Ọmọ tí kò sùn tó, tí kò rẹ́ni finú hàn, ìbínú ló ń kó jọ. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ìwé nìkan kọ́ ni kíkọ́ ọmọ.

Ìkẹta ni fóònù. Wangtta ni wọ́n ń pe ọmọ tí ẹgbẹ́ ta nù. Lórí KakaoTalk, ìyẹn áàpù tí wọ́n fi ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́, wọ́n á fà á wọ àárín wọn, wọ́n á bú u. Bó bá jáde, wọ́n á tún fà á padà. Ní 2011, ìjọba fòfin de géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀gànjọ́ òru fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16. Nígbà tó di 2022, wọ́n ti pa òfin náà rẹ́. Òfin kò lè bá òbí ṣọ́ ọmọ.

Bí owó ọmọ yín bá ń sọnù, tí ara rẹ̀ ń dápàá, tí kò fẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mọ́, wọ́n lè máa fìyà jẹ ẹ́. Bó bá ń mú nǹkan tí ẹ kò rà wálé, tí ọ̀rọ̀ kékeré ń mú un gbaná jẹ, òun gan-an lè máa fìyà jẹ ẹlòmíì. Àwọn méjèèjì ló nílò ìrànlọ́wọ́ kíákíá. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́mọ ní Kòríà, 117 ni nọ́ńbà tí ẹ lè pè tọ̀sán-tòru.

Ẹ pe ọmọ yín jókòó lálẹ́ òní. Ẹ má béèrè máàkì. Ẹ béèrè ẹni tó nà án, kí ẹ sì béèrè ẹni tí òun náà nà.